Àdúrà Àárọ̀ Nínú Ímeèlì Ọ́fíìsì

Nínú takisí tí a jọ wọ̀ láti Utako lọ sí Garki, ìyá kan àti ọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ímeèlì ọ́fíìsì wọn jókòó tì mí.

"Ọ̀gá wa tó ti fẹ̀yìntì máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí wa láràárọ̀," ni ìyá náà sọ. "Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò rí i. Mo rò pé ara wọn ò yá ni, mo ra ọsàn, mo gbalé wọn lọ. Ńṣe làwọn náà ń bi mí pé ṣé ara mi yá, torí wọn ò rí 'àmín' tí mo fi ń dá wọn lóhùn."

"Ẹ má bínú, mà. Àwọn tó kù ní ọ́fíìsì ló ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́, ni mo bá ṣe òfin kan náà sórí ímeèlì gbogbo yín, kí ẹ̀rọ máa dà á sí pàǹtí. Mo ti ṣe tiyín lọ́tọ̀ báyìí."

"Mo rí tàárọ̀ yìí. O ṣeun, ọmọ mi."

"Àmọ́ àdúrà yẹn gùn, mà. Ṣé ẹ máa ń kà á tán?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń kà á? Orúkọ wọn ni mo máa ń wò, kí n lè mọ̀ pé wọ́n jí."