Bátìrì Tó Wú

Níbi tí wọ́n ti ń ṣáàjì fóònù n'Ìbà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ kan àti ìyá kan tó ń ta àgbò ní Alaba Rago.

"Ìyá, ẹ wo bí bátìrì mi ṣe wú! Ìdí ṣájà ló ń sùn, ibẹ̀ náà ló ń jí. Tiyín tó ti gbó ò sì wú."

Ìyá fọwọ́ pa á bí ẹni ń fọwọ́ pa ikùn ẹran. "Àgbò tó bá jẹ àgbàdo jù ló ń wú báyìí. Èmi máa ń yọ tèmi kó tó yó."

"Háà! Àgbò ló kọ́ yín?" Ẹnu ya èmi náà.

"Èyí tí bàbá mi fẹ́ràn jù ló kọ́ mi. Ebi kọ́ ló pa á, ọmọ mi. Àkẹ́jù ni."