Ilẹ̀ Tó Ń Sinmi Kì Í Ṣe Òfìfo

Èmi Ibtisam, akọ̀wé ọ́fíìsì máàpù wa ní Ọ̀wọ̀, ni mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bí Bàbá Jìbírílù Fàsásì, àgbẹ̀ ọmọ àgbẹ̀ láti Idasen, ṣe ń sọ ọ́ níbi àpèjọ tí a fi dágbére fún wọn. Wọn ò kàwé. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tún un ṣe.

Alága wa, Olóyè Ògúnyẹmí, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà Ọ̀wọ̀ àti Uso, mo júbà. Ẹ̀yin àlejò tó ti Àkúrẹ́ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ mi ò ní dùn délẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì yìí, inú kọ̀ǹpútà ńlá ni àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè máa ń há sí. Àwọn tó kàwé nìkan ló ń rí i, àwọn náà á sì làágùn kí wọ́n tó ṣí i. Àràmídé, tí mo ń pè ní ọmọ mi, tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún yẹn, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di áàpù, tí àgbẹ̀ fi lè gbé fóònù kékeré dání, kó fọwọ́ kàn án, kó sì rí ibi tí ewé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti ń pọ́n. Iṣẹ́ tèmi ni kí n dé orí ilẹ̀, kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Abdulfatai ló ń fi ọ̀kadà gbé mi. Ó mọ bí a ṣe ń ṣubú sínú ẹrẹ̀ láì jẹ́ kí àgbà fara pa. Ọmọ gidi ni.

Ṣé ẹ rántí bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀? Àràmídé ní bọ́tìnì ti pọ̀ jù, ká dín in kù sí mẹ́ta: oko, igbó, ilẹ̀ òfìfo. Mo ní, "Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi ńkọ́?"

Ó ní, "Bàbá, kò sí nǹkan lórí ẹ̀, òfìfo náà ni. Tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ lójú fóònù, èèyàn ò ní lò ó. A fẹ́ kó rọrùn ni."

Mo ní, "Kó rọrùn fún ta?"

Ẹ bi Rhoda ará Uso tó jókòó lẹ́yìn yẹn. Bí wọ́n ṣe dín bọ́tìnì kù tán, ọkùnrin kan dé sórí ilẹ̀ rẹ̀ tó ń sinmi, ó na fóònù, ó ní máàpù sọ pé ibẹ̀ ṣófo, òun fẹ́ kó katakata wọ ibẹ̀. Rhoda ní, "Ọ̀gá, ọ̀pẹ tí ẹ fẹ̀yìn tì yẹn, ta ló gbìn ín?"

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Rhoda ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Bí kò bá sí nílé ńkọ́? Sátẹ́láìtì ò purọ́. Ó rí ewé, kò rí onílẹ̀. Àwa tí a sọ ilẹ̀ lórúkọ ni a purọ́.

Wọ́n gbé ìwé wá kí n tẹ̀ka sí i, pé àgbẹ̀ fara mọ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ̀. Wọ́n tún gbé e wá, mo tún kọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé mo ti dàgbà, ó yẹ kí n lọ sinmi. Aago tí ẹ fún mi dára, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ìwé yẹn lórí tábìlì níwájú Alága, yíǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. N kò ní dákẹ́, n kò sì ní tẹ̀ ẹ́.

Mo lágídí, mo ti jágbe mọ́ ọ̀pọ̀ yín. Ẹ foríjì mí. Lórí ti ilẹ̀, n kò tọrọ àforíjì. Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí igbó fi bò ó. Nígbà tó padà sí i, iṣu ibẹ̀ ń dẹ́rù ba ọlọ́kọ́. Ilẹ̀ tó ń sinmi ń ṣiṣẹ́.

Àràmídé, o mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o fi kún un. Ẹ ní kí n lọ sinmi, mo gbọ́. Lọ́la, n kò ní sí lórí àga mi. Tí o bá wo ibẹ̀, ṣé wàá kọ "òfìfo" sí mi lórí?

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilẹ̀ yín bọ́ lọ́wọ́ yín. Kí àwọn ọmọ yín bá ààlà níbi tí ẹ fi í sí. Kí áàpù yìí dé ibi tí ẹsẹ̀ mi ò lè dé mọ́, kó sì sọ òtítọ́ níbẹ̀. Ẹ ṣé o. Mò ń lọ sí Idasen.

Bàbá tẹ àtàǹpàkò wọn sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé orí tábìlì ṣì wà láìní àmì.

Àmì Jìbírílù Fàsásì: (àtàǹpàkò)

Ẹlẹ́rìí: Rhoda Dùnsìn, onílẹ̀ ní Uso.

Ẹlẹ́rìí: Àràmídé Isaiah, ẹni tó kọ áàpù náà. Òun fúnra rẹ̀ ló wá gba bírò lọ́wọ́ mi.