Kọ̀ǹpútà Méjì Lórí Dísìkì Kan

Nínú takisí tó ń lọ sí Akpakpa lánàá, ọkùnrin méjì tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ akẹ́rù kan jókòó tì mí. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú wọn ló ń bínú sí àbúrò.

"Kọ̀ǹpútà ńlá méjèèjì lo fún láyè láti máa kọ nǹkan sórí dísìkì kan náà?"

"Ẹ ní kí wọ́n jọ máa lò ó."

"Ṣé o so wọ́n pọ̀, kí ọ̀kan lè máa dúró de èkejì?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé wọ́n á mọ ara wọn."

"Ta ló ní kí o rò? Ọ̀kan ń kọ, èkejì ń kọ lé e lórí. Gbogbo ìwé ẹrù ọ̀sẹ̀ yìí ti dàrú!"

Nígbà tí a gun afárá orí ọ̀sà, àbúrò yíjú sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀dà àwọn ìwé náà tí ẹ máa ń fi pamọ́ ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n kọjú sí ọ̀sà.

"Orí dísìkì yẹn náà ló wà. Mo rò pé ibẹ̀ ni nǹkan kan ò ti lè ṣe é."