Tíì Ọlọ́sàn fún Ẹni Tára Rẹ̀ Le

Lọ́dún tí a gba òmìnira, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Pobè lọ sí Àjàṣẹ́, ọmọbìnrin kan da tíì dúdú tó fi èèpo ọsàn sè láti inú ìgò sínú ife fún ìyá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Àìsàn wo ló ń wò?"

"Kò wo àìsàn kankan, Ìyá. Adùn rẹ̀ là ń mu ní Àjàṣẹ́."

"Ara mi le, kí n wá máa mu àgbo? Ṣé o fẹ́ fi pe àìsàn wá bá mi ni?"

"Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò."

Ìyá tọ́ ọ wò. Ká tó dé Sakété, ife ti gbẹ.

"Ọmọ mi, orúnkún yìí ti ń ro mí láti àárọ̀."

"Ìyá! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ara yín le ni!"

"Ṣé ó ṣì kù nínú ìgò yẹn? Dà á wá, ẹ̀yìn náà ti fẹ́ máa dùn mí."