Omi Inú Àpò Gààrí

"Má fọwọ́ kan Kùránì yẹn, Bàṣírù. Mo ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ tí o fi bu omi ọmọ mi fún mọ́tò ni o fẹ́ gbé lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run?"

Ìyá Sodiqat ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé, lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, débi pé àwọn ọlọ́kadà ń dúró lójú fèrèsé. Bàṣírù, awakọ̀ ará Tẹ̀dé, dúró láàrin ilé, ó ká fìlà mọ́wọ́. "Ìyá, ẹ ṣáà jẹ́ kí n búra. Bí mo bá mu ju ìpín mi lọ, kí n má délé lónìí." Ààfáà Kàdírì, tí wọ́n pè láti wá gba ìbúra náà, ní kí wọ́n sinmi ariwo, kí ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀.

Èmi ni ẹlẹ́rìí. Èmi Waheedat, ìyá Ramlah, oníṣòwò gààrí ní Ṣakí, tí ẹnu mi mú débi pé àwọn agbowó ọjà máa ń gba ẹ̀yìn ìsọ̀ mi kọjá. "Ìyá Ramlah, ẹ ṣe àlùwàlá ná kí ẹ tó fọwọ́ kan tírà," ni Ààfáà wí. Wọ́n gbé búùtà síwájú mi. Omi kún un dé ẹnu. Mo wo omi yẹn, ọwọ́ mi kọ̀.

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ síbí, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún yín lọ́nà tó dẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Mi ò dé iléèwé rí; bébà tí wọ́n fi ń di àkàrà ni mo fi kọ́ ìwé kíkà. Mi ò bẹ̀rù ọlọ́pàá, mi ò bẹ̀rù ìjòyè, ẹ̀rù ẹ̀yin tí ẹ máa kà á kò sì bà mí.

"Ẹ jókòó," mo ní. "Bàṣírù, dé fìlà rẹ. Èmi ni mo pa Sodiqat."

Sodiqat nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Ó ń bá mi ṣòwò. Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn tó ń wa góòlù nínú aṣálẹ̀ ilẹ̀ Niger ń wá gààrí lójú méjèèjì, mo ní ká lọ. Ìyá rẹ̀ kọ̀. Mo fi ẹnu mi yìí yí i lọ́kàn padà. Mo ní, "Ẹ fi í lé mi lọ́wọ́. Bí mo bá jẹ, á jẹ. Bí mo bá mu, á mu." Ẹ rántí pé èmi ni mo sọ ọ́, wọn ò bi mí.

Bàṣírù fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wa. A gba ilẹ̀ Bàrùbá kọjá sí Benin, a wọ Niger. Nígbà tí a kúrò ní Agadez tí a sì rìn díẹ̀, ọ̀dà títì tán, ọ̀nà fúnra rẹ̀ tán. Ojú táyà àwọn tó ti lọ ṣáájú ló kù, àti táyà gbígbó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti fi ṣàmì. Mọ́tò ń gbọ̀n bí ajọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ gààrí. Sodiqat ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ramlah, kí a tó débẹ̀, gààrí yín á ti tún ara rẹ̀ sẹ́." Bí mo bá ń bá Bàṣírù jà, á ní, "Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ yín ń gbẹ itọ́ yín."

Kò mọ ohun tí mo ṣe ní Agadez. Mo ra kẹ́ẹ̀gì omi kan ní ìkọ̀kọ̀, mo rì í sínú àpò gààrí kan, mo fi okùn pupa di ẹnu àpò náà. Mo pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n.

Atẹ́gùn dé, ó gbá ojú táyà lọ, a ò rí àmì kankan mọ́. Mọ́tò gbóná. Bàṣírù ní ká dúró síbẹ̀, ẹnìkan á gba ibẹ̀ kọjá. "Ìyá Ramlah, omi tí a jọ gbé wá yìí, èèyàn ló ni ín, kì í ṣe mọ́tò." Mo ní, "Ṣé awakọ̀ ni ọ́ ni, àbí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ mọ́tò? Da omi sí rédíétọ̀ kí a máa lọ." Kí ló kàn mí? Mo ní tèmi. Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ó dà á. Mọ́tò rìn dé ibi òkìtì iyanrìn kan, ó rì, kò sì jáde mọ́.

Ife kan ló fi ń pín èyí tó kù. Tirẹ̀ ló máa ń kéré jù. Bí àwọn méjèèjì bá ti sùn lábẹ́ mọ́tò, èmi a ní mo ń lọ wo ẹrù mi. Mo tú okùn pupa, mo tọwọ́ bọ gààrí, mo fa kẹ́ẹ̀gì yọ, mo mu, mo nu ẹnu.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí mọ̀ pé ẹni tí kò rí omi ni wọ́n yọ̀ǹda fún láti fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe àlùwàlá. Sodiqat bi mí kí a tó kírun: "Ìyá Ramlah, ṣé kò sí omi rárá lọ́dọ̀ yín? Mi ò fẹ́ kí ìrun mi bàjẹ́." Mo ní, "Omi ti tán. Iyẹ̀pẹ̀ ló kù." Mo tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, mo fi pa ojú, mo fi pa ọwọ́, mo dúró kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Nígbà tí Sodiqat kò lè dìde mọ́, Bàṣírù gbé ìpín rẹ̀ tó kẹ́yìn fún un. Ọmọ náà dì í mú títí, ó wá nà án sí mi. "Ẹ mu ún. Ẹ̀yin lẹ ní ọmọ nílé." Bí mo bá kọ̀ ọ́, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí òǹgbẹ ò gbẹ mí. Mo gbà á. Mo mu ún tán lójú rẹ̀.

Ó ti kú kí ọkọ̀ àwọn oníṣòwò iyọ̀ kan tó rí wa. Bí mo ṣe rí eruku ọkọ̀ náà lókèèrè, mo fa kẹ́ẹ̀gì jáde, mo sin ín sínú iyanrìn. Omi ṣì ń mì nínú rẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé iwájú ìyá rẹ̀. Kí Bàṣírù tó la ẹnu, mo ti ní ó fi omi ọmọ wọn fún mọ́tò, ó sì dá mu èyí tó kù. Gbogbo páàkì Ṣakí gbà mí gbọ́. Láti ìgbà náà ni èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ bí wọ́n bá rí i lórí sítíárì. Ìyàwó rẹ̀ kó àwọn ọmọ lọ sí Ogbooro. Àwọn ará páàkì sì ti ní, bí ìbúra ọjọ́ Jímọ̀ yẹn bá dá a lẹ́bi, àwọn ò ní jẹ́ kó gbé èrò mọ́ láéláé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń múra ọ̀nà aṣálẹ̀, ẹ tú àpò ẹni tí ẹ ń pè ní ẹ̀gbọ́n wò kí ẹ tó bá a lọ.

Mo sọ ọ́ tán. Bàṣírù dé fìlà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ìyá Sodiqat, ẹ dá a sílẹ̀. Èmi ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá lè foríjì mí, ẹ foríjì mí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣe àlùwàlá, kí n fọwọ́ kan tírà, kí n búra pé bó ṣe rí nìyẹn."

Ìyá Sodiqat dìde. Ó gbé búùtà náà lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó da omi rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kán tán, ó sì gbé e lófìfo padà síwájú mi.

"Omi ti tán, Ìyá Ramlah," ni ó wí. "Iyẹ̀pẹ̀ ló kù."