Aṣọ Pupa Tí Ẹ So Sínú Oko Mi

Má dọ̀bálẹ̀ fún mi, Túbọ̀sún. Dìde. Mo ní o dìde! Ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ló máa sọ ẹ̀gẹ́ tó ti jẹrà nínú ilẹ̀ di gààrí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni èmi Ọ̀ṣunníkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá tó bí ọ, fi ń wo oko ara mi láti òkèèrè bí olè, mi ò lè tẹ ibẹ̀, torí pé ìwọ àti àwọn ọ̀gá rẹ ri igi mọ́ ọn, ẹ wá so aṣọ pupa mọ́ igi lórí.

Kí lo wí? Àmì lásán? Ní abà tiwa, bí èèyàn bá rí aṣọ pupa lórí igi láàárín oko, kí là ń pè é? Àalè ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú rẹ̀ bá rí, kó fara mọ́ ọn. Bí Lois ìyá rẹ tilẹ̀ gbé ọ lọ tọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ṣàpọ́n, ṣé kò sọ fún ọ pé bàbá wa ń so àalè ni? O mọ̀. O kàn rò pé ayé ti là.

Ẹ dé, ẹ ò kí ẹnikẹ́ni. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹyẹ káàkiri orí àpáta, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ bá tiyín lọ. Yuréníọ̀mù, ohun àlùmọ́nì inú àpáta, lẹ ń wá, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀, ẹ ṣì ń wò ó ni. Ẹ máa wò ó. Èmi tí mo tọjà dé, kí ni mo bá? Igi mọ́kànlá, tò-tò-tò, láti etí odò dé ààlà èmi àti Ògúnkọ̀yà.

Ta ni kí n fura sí? Èmi pẹ̀lú ẹ̀ jà lórí ààlà yẹn lésìí. Ni mo bá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo tú gèlè, mo ṣépè fún un. Túbọ̀sún, mo ṣépè! Fún ọkùnrin tó gbẹ́ sàréè ọkọ mi! Ó búra pé òun ò mọ nǹkan kan, mo ní irọ́ ni. Ọjọ́ karùn-ún, Àyànfẹ́ ọmọ rẹ̀ já bọ́ lórí ọ̀kadà, ẹsẹ̀ ṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé odò, àwọn obìnrin á gbé garawa wọn, wọ́n á máa lọ. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ó ti fọ́. Àfi lónìí tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ padà dé, tí o ń nawọ́ sí igi, tí o ń rẹ́rìn-ín pé iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Mi ò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ ìkọ̀kọ̀. Ìwọ àti ọ̀gá rẹ ó tẹ̀lé mi lọ bá Ògúnkọ̀yà, ẹ ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo abà, èmi náà á sì kúnlẹ̀ níwájú Àyànfẹ́.

Kí lò ń wò? Ẹ̀rọ yín tí ẹ gbé padà wá? Áà, o ti rí i. Èmi ni. Ṣúkù àgbàdo, ògbólógbòó bàtà àti ìgbálẹ̀, mo so wọ́n mọ́ ọn dáadáa. Àmì lásán ṣáà ni. Lọ tú u.

Mo ní o lọ tú u, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀n-ẹ́n. O ò lè fọwọ́ kàn án. Ó dáa, pe ọ̀gá rẹ, ká máa lọ sílé Ògúnkọ̀yà.