Dísìkì Mẹ́fà Tí N Kò Kó Nǹkan Kan Sí

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó bínú sí mi. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti gbé irọ́ kan sáyà. Mo fi irọ́ náà pa bàbá ọkọ mi lára, mo sì fi ba iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Oṣù tó kọjá ni mo tó jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Ara mi ti fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù igi kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Tíṣà ni mí ní Ìwó níbí. Ilé ìfowópamọ́ kan ní Òṣogbo ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wálé. Ọ̀dọ̀ wa ni bàbá rẹ̀ ń gbé. Ọ̀gá ilé-ìwé ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n, ọwọ́ ọ̀tún wọn sì rọ.

Nígbà tí wọ́n ra kọ̀ǹpútà tuntun ní ibi iṣẹ́ ọkọ mi, ó gbé ọ̀kan nínú àwọn àtijọ́ wálé. Géèmù kan wà nínú rẹ̀ tí Bàbá fẹ́ràn. Bọ́ọ̀lù kékeré kan ló máa ń ta sókè sódò, wọn á sì máa fi pákó kan gbá a padà kó má baà jábọ́. Bàbá á fi ìka ọwọ́ ọ̀tún tó rọ yẹn máa tẹ bọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n ní kí wọ́n má dáwọ́ dúró, pé ó dára fún ọwọ́ náà. Lóòótọ́, kò pẹ́ kò jìnnà, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yẹn gbé búùtà àlùwàlá fúnra wọn.

Èmi náà nílò kọ̀ǹpútà yẹn. Mo ń lọ kíláàsì òpin ọ̀sẹ̀ nítorí dìgírì, mo sì ní iṣẹ́ ìwádìí tí mo gbọ́dọ̀ tẹ̀. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, màá bá Bàbá nídìí ẹ̀rọ. Wọn kì í dìde títí di ìrun Àsárì. Tí wọ́n bá fi máa dìde, iná ti lọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún bàbá ọkọ mi pé kí wọ́n dìde? Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń bu omi fún wọn mu, mo sì ń bínú sí wọn lọ́kàn.

Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. A ránṣẹ́ pe Kàmọ́rù, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ilé-Ogbó tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ó wò ó, ó ní Wíńdò, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ti bàjẹ́. Ó ní òun máa pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, òun á wá fi Wíńdò tuntun sí i. Ohun tí a kò bá fẹ́ kó sọnù, kí a ti kó o sí dísìkì kí òun tó dé lọ́jọ́ Sátidé. Géèmù Bàbá kò lè gba inú dísìkì kan, nítorí náà ó kọ́ mi bí mo ṣe máa pín in sí mẹ́fà.

Bàbá pè mí. Wọ́n ní, "Ìyá Ráṣídì, má jẹ̀ẹ́ kí eré mi bá a lọ o."

Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Kì í ṣe pé mo gbàgbé. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kó iṣẹ́ ìwádìí tèmi sí dísìkì tèmi. Mo wá mú dísìkì tuntun mẹ́fà, mo fi báírò kọ "Eré Bàbá" sí ara wọn, láti ìkíní dé ìkẹfà. N kò kó nǹkan kan sí wọn. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo rò pé ó máa dun Bàbá fún ọjọ́ méjì, wọ́n á sì gbàgbé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Kàmọ́rù ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, ó ki dísìkì kìíní bọ ẹ̀rọ. Òfo. Ó ki ìkejì bọ̀ ọ́. Òfo. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó tún kì í bọ̀ ọ́. Òógùn bò ó. Ó rọra bi mí bóyá mo kó wọn dáadáa. Ọkọ mi àti Bàbá wà ní ìjókòó.

Mo ní, "Mo kó gbogbo rẹ̀. Mo fi ojú mi rí i pé ó wọ inú wọn."

Ọkọ mi gbaná jẹ. Ó ní Kàmọ́rù ló bà á jẹ́, pé kò mọ iṣẹ́ tó ní òun mọ̀. Kàmọ́rù dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá, ó ń tọrọ àforíjì ohun tí kò ṣe. Mo dúró síbẹ̀, mo gbé ife omi dání.

Kàmọ́rù wá géèmù náà ká Òṣogbo lẹ́yìn ìyẹn, kò rí i. Bàbá kò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé àga wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ọjọ́ kan ni búùtà já bọ́ lọ́wọ́ wọn, omi dà sí wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ń wo ọwọ́ náà bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Láti ọjọ́ yẹn, èmi ni mò ń bomi àlùwàlá sí wọn lọ́wọ́. Mo tẹ iṣẹ́ ìwádìí mi tán, mo gba dìgírì. Ẹ gbà mí gbọ́, n kò jẹ adùn rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọkọ mi á ní kí wọ́n má pe Kàmọ́rù. Mo máa ń gbọ́, màá sì bá tèmi lọ.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n rán mi lọ ṣọ́ ìdánwò ní Ilé-Ogbó. Mo rí Kàmọ́rù nínú ìsọ̀ kékeré kan, ó ń tún rédíò àti áyọ́ọ̀nù ṣe. Mo bi í bóyá ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ó ní, "Rárá, Àǹtí. Mo ti ba ti Bàbá jẹ́. Mi ò fẹ́ ba ti ẹlòmíràn jẹ́ mọ́."

Kò fi bú mi. Ó tiẹ̀ béèrè àlàáfíà Bàbá. N kò mọ bí mo ṣe dé inú mọ́tò.

Bí Bàbá ṣe kírun Àsárì tán lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn lọ, wọ́n kò wò mí. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n bi mí ìdí tí n kò fi sọ pé mo fẹ́ lo ẹ̀rọ náà. Mo ní ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní ká ní mo sọ ni, àwọn ì bá ti dìde. Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí.

Wọ́n wá ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ilé-Ogbó. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún Kàmọ́rù, kò gbà. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, "Kò sí nǹkan kan nínú àwọn dísìkì yẹn rárá?"

Mo ní kò sí. Ó tún bi mí. Mo tún ní kò sí. Ó kọ́kọ́ bínú, ó dìde, ó jáde síwájú ìsọ̀, ó sì kẹ̀yìn sí mi fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, ẹ̀rín ló ń rín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ọdún méjì gbáko lòun fi ń tún iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ṣe lọ́kàn òun, tí òun ń wá ibi tí òun ti ṣe àṣìṣe, tí òun kò rí i.

"Àǹtí, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọwọ́ mi kò bà á jẹ́."

Kàmọ́rù ti padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó rí géèmù náà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìbàdàn, ó sì wá fi sí ti Bàbá. Ọwọ́ òsì ni Bàbá fi ń ta á báyìí, ti ọ̀tún kò tíì padà sí bó ṣe wà, ìyẹn ni mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run sí. Tí mo bá ti ilé-ìwé dé, wọ́n á bi mí bóyá mo fẹ́ tẹ nǹkan. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Mo ń kọrin tí mo bá ń fọṣọ.

Ọkọ mi nìkan ni kò tíì mọ̀. Nígbà tó bá Kàmọ́rù nílé wa, ojú rẹ̀ le, títí Bàbá fi sọ pé àwọn ni àwọn pè é. Bàbá ní àwọn kò ní bá mi sọ ọ́, pé ẹnu mi ló gbọ́dọ̀ ti jáde.

N kò bi yín bóyá kí n sọ ọ́. Màá sọ ọ́. Àmọ́ mo mọ ọkọ mi, mo mọ bó ṣe máa ń gbaná jẹ, mo sì mọ̀ pé ojú máa tì í nítorí gbogbo ohun tó ti sọ nípa ọmọkùnrin yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba irú ọ̀nà yìí kọjá, ọ̀rọ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ sọ tó bá gbé báàgì rẹ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀?